Ọkọ̀ mi ń ké wìì bí abẹ́rẹ́ bá ti kan 30: ará Ìkòròdú, ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Aláṣọ Igbógbó | Ọjọ́ Ajé, 8:47 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Toyota Corolla ọdún 2005 ni mò ń wà, gíà ọ́tò, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ó ti pé ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Òun ni mo fi ń kó aṣọ láti ilé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, òun náà ni mo sì fi ń lọ sí Balógun lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ ra ọjà.

Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ọkọ̀ yìí ti ń ké. Bí mo bá tan án nínú ọgbà, kò sí wàhálà. Bí mo bá ń wọ́ ọ lọ díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà àdúgbò wa tó kún fún kòtò, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti já sí títì, tí abẹ́rẹ́ tó ń sọ eré ọkọ̀ kan 30, ó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: wìììì, tín-ín-rín, bí ẹ̀fọn létí ẹni lóru. Bí mo bá sá a dé 50, ohùn náà á túbọ̀ le sí i, ilẹ̀ ọkọ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọmọ mi obìnrin tó máa ń jókòó síwájú ní òun ò gbọ́ ohun tí mò ń sọ mọ́.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ó wà á dé ìkòríta, ó yí padà. Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò gbé táyà kankan sókè, ó ní gíà ti lọ. Ó ní kí n mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà 380 náírà wá fún gíà tòkunbọ̀. Mo lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, ìyẹn ní páwà, ẹ̀rọ tó ń mú kí sítíárìn rọ̀, ni, ó da epo kan sínú ọpọ́n páwà, ó gba owó rẹ̀, igbe náà ò sì dínkù. Owó ọjà mi ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà 380 yẹn. Ṣé kí n san án? Ẹni tó bá ti rí irú èyí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́.

Awakọ̀ Ìkòròdú sí Kétu | Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́

Mọ́mì, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹni tí kò gbé táyà sókè kò tíì mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yín.

Hiace ni èmi ń wà. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yìn ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bí mo bá tẹ tọ́tù, á ké. Bí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, á dákẹ́ fín. Díífù ni, eyín irin tó ń pín agbára fún àwọn táyà. Ọ́ìlì inú rẹ̀ ti jò tán nídìí síìlì, rọ́bà tó ń dí i, a ò sì mọ̀. Nígbà tí wọ́n tú nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń gbà da ọ́ìlì sí i, ìka ò kan nǹkan kan nínú ihò, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí ọ́ìlì kún dé etí ihò yẹn gan-an. Eyín inú rẹ̀ ti jẹra wọn. Corolla yín kò ní díífù lẹ́yìn, táyà iwájú ló ń fà á, torí náà àìsàn tèmi kọ́ ni tiyín. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀. Bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ṣé ó ń dákẹ́, àbí ó ń bá igbe rẹ̀ lọ?

Mẹkáníìkì Odògúnyàn | Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. 30 tí ẹ wí yẹn, ṣé máìlì ni? Corolla tó bá ti Amẹ́ríkà wá, nọ́ńbà ńláńlá ojú rẹ̀ máìlì ni, kìlómítà ló wà ní kékeré lábẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ máìlì, 30 yín jẹ́ bíi kìlómítà 48, 50 yín sì jẹ́ 80. Mo ń bèèrè torí pé kìlómítà ni èmi máa ń sọ, kí a má bàa ṣi ara wa gbọ́.

Mi ò ní sọ pé nǹkan báyìí ló bàjẹ́ lálẹ́ òní. Ohun tó lè mú ọkọ̀ ké wìì pọ̀, ẹni tó bá sì dárúkọ kan láì tíì dán an wò, owó yín ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ wá ni nǹkan tí igbe náà ń tẹ̀lé. Ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìyára tiẹ̀, táyà náà ń yí ní tiẹ̀, àwọn méjèèjì kì í sì í lọ bákan náà. Bẹ́líìtì, púlì, alternator tó ń fún bátìrì níná, páǹpù páwà, ẹ́ńjìnnì ni gbogbo wọn ń bá rìn. Bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan tí ẹ tẹ tọ́tù, èyí tó bá ń ṣàìsàn nínú wọn á ké. Ṣùgbọ́n béárìn ìdí táyà, irin róbótó tó ń jẹ́ kí táyà yí wọ́ọ́rọ́, àti ojú táyà fúnra rẹ̀, bí ọkọ̀ ò bá rìn, wọn ò lè fọhùn.

Nítorí náà láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó jáde nínú ọgbà, ẹ fi gíà sí P, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ tẹ tọ́tù jẹ́jẹ́ títí abẹ́rẹ́ ìyípo ẹ́ńjìnnì á fi kan 3, ẹ tẹ́tí. Lẹ́yìn náà, lójú ọ̀nà tó tẹ́jú tí kò sẹ́ni lẹ́yìn yín, ẹ sá a dé bíi 40 lórí máìlì yín, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ ti gíà láti D sí N, kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dá a padà sí D, ẹ má tíì tẹ tọ́tù. Ẹ kò gbọdọ̀ pa ẹ́ńjìnnì lórí ìrìn láéláé: sítíárìn á le gbagidi, bíréèkì náà á sì le lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ má sì lọ sí Balógun títí a ó fi mọ ohun tó ń ṣe é.

Fọkanáísà Ágríìkì | Ọjọ́ Ajé, 10:12 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má fi táyà ṣeré o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti wá bá mi lẹ́yìn tí wọ́n ti pààrọ̀ béárìn tí igbe náà ò lọ.

Mà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà kọ̀ọ̀kan láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí ẹ tún rà á láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Bó bá jọ̀lọ̀ níhà kan tó sì ń họ yín lọ́wọ́ bí eyín ayùn níhà kejì, táyà yẹn á máa ké lórí títì. Ṣọ́kà tó ti kú tàbí àláímẹ́ǹtì, bí táyà ṣe dúró, tí kò gún ló máa ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni ẹ rà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin wà níparí rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Rọ́bà tó ti pẹ́ máa ń gan, á sì máa hu.

Ohun tí mo fi ń dá wọn mọ̀ rèé: igbe táyà máa ń yí padà bí ojú ọ̀nà bá yí padà. Lórí kọnkéré ó lè jẹ́ ọ̀tọ̀, lórí ọ̀dà á tún jẹ́ òmíràn, bí ẹ bá sì bọ́ sórí yẹ̀pẹ̀ á pòórá. Béárìn ò mọ̀ bóyá ọ̀dà ni àbí kọnkéré. Bó bá ṣì ń rú yín lójú, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé táyà iwájú sẹ́yìn, kí ti ẹ̀yìn bọ́ síwájú, kí ẹ wá wà á. Bí igbe náà bá bá táyà lọ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìyá Aláṣọ Igbógbó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 alẹ́

Mo dúpẹ́ o, gbogbo yín. Máìlì ni lóòótọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń wo nọ́ńbà yẹn, mi ò mọ̀ pé máìlì ni.

Mo ṣe é bí ẹ ṣe wí. Nínú ọgbà, mo tẹ tọ́tù dé 3, ẹ́ńjìnnì bú, wìì kankan ò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo jáde, mo gba ọ̀nà Ìtóìkín torí ó dá díẹ̀ láàárọ̀. Mo sá a dé 40, mo ti gíà sí N, àyà mi ń já. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, ṣùgbọ́n igbe náà ń lọ bó ṣe ń lọ, kò yí padà rárá. Bí ọkọ̀ ṣe ń dẹ̀ ni òun náà ń lọ sílẹ̀, ó ń ki, ó ń ki, títí ó fi di pé mi ò gbọ́ ọ mọ́.

Awakọ̀, ọmọ mi, bí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kì í dákẹ́.

Mẹkáníìkì Odògúnyàn | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:02 alẹ́

Ẹ káre mà. Ẹ ti yọ ara yín kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà 380.

Kí n sọ ọ́ ní kíkún, torí àwọn mìíràn ń kà á. N kò sọ pé ìdánwò N nìkan ló dá gbogbo gíà láre o. Díífù tó wà nínú gíà Corolla so mọ́ ṣáàfù táyà, ó ṣì ń yí bí ọkọ̀ bá ń yí. Ṣùgbọ́n eyín gíà tó ti jẹra máa ń yí ohùn padà bí ẹrù bá kúrò lórí rẹ̀: bí ẹ bá tẹ tọ́tù, ohùn kan, bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀, ohùn mìíràn. Tiyín kò yí padà rárá. Kò tẹ̀lé ẹ́ńjìnnì, kò tẹ̀lé ẹrù, táyà nìkan ló ń tẹ̀lé. Ó ku béárìn àti ojú táyà.

Ìbéèrè méjì. Ṣé ẹ gba inú omi kọjá láìpẹ́ yìí? Àti pé bí ọ̀nà bá kọ̀rọ̀ sí òsì tàbí sí ọ̀tún tí ẹ sì wà lórí eré, ṣé ohùn náà máa ń yàtọ̀?

Bàbá Honda Ìjẹ̀dẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:31 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún ẹni tí tiẹ̀ bá jọ ọ́. Accord ni mò ń wà, òun náà ké wìì, ṣùgbọ́n bí mo bá ń yí sítíárìn ni, pàápàá láàárọ̀ kùtù. Wọ́n ta páǹpù páwà tòkunbọ̀ fún mi, ó tún ké. Mo ra òmíràn, ìyẹn náà ké. Ọmọkùnrin kan ló ní kí n ṣí ọpọ́n páwà kí ẹ́ńjìnnì ṣì máa ṣiṣẹ́. Epo inú rẹ̀ ń hó bí ọṣẹ. Ó ní afẹ́fẹ́ ló ń wọlé. Rọ́bà róbótó kékeré kan wà níbi tí páìpù ti wọnú páǹpù, kò tó òrùka ọmọdé. Ó ti gbẹ, ó ti pẹlẹbẹ. Rọ́bà yẹn nìkan la pààrọ̀, páǹpù dákẹ́. Páǹpù méjì ni mo ti ra sórí rẹ̀!

Àti pé kì í ṣe epo kan náà ni gbogbo páwà ń mu. Honda ní epo páwà tirẹ̀. Corolla irú ti Ìyá Aláṣọ, epo gíà Dexron ló ń lò ní páwà. Corolla ọdún 2009 sókè kò ní epo páwà rárá, iná ló ń yí sítíárìn rẹ̀. Ẹ bi ẹni yẹn léèrè epo tó dà sí tiyín o.

Rewáyà Sábó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:10 alẹ́

Èmi náà ní tèmi. Bí ẹ bá gbọ́ wìì nínú sípíkà rédíò, tó ń lọ sókè bí ẹ bá ń tẹ tọ́tù, tó sì ń dákẹ́ bí ẹ bá pa rédíò, kì í ṣe táyà, kì í ṣe béárìn. Alternator ni, tàbí wáyà ilẹ̀ tí kò mú dáadáa. Ẹ fi mítà wọn bátìrì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, bátìrì tó kún máa ń wà ní bíi fólítì 12.6. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàrin 13.5 sí 14.7. Bí béárìn inú alternator ló ń ké, ẹ tan iná iwájú, fáànù àti AC pa pọ̀. Ohùn náà á ki torí pé ẹrù ti pọ̀ sí i lórí rẹ̀.

Olùkọ́ Ìmọ́tà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:48 alẹ́

Tèmi wá láti abẹ́ àga ẹ̀yìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, díẹ̀díẹ̀ ni mò ń ra epo, iná epo ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í sì í kú. Mi ò mọ̀ pé epo inú táǹkì ló ń tu páǹpù epo lára. Bí epo bá ń wà nísàlẹ̀ nígbà gbogbo, páǹpù á máa gbóná. Nígbà tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, kí n tó tan ẹ́ńjìnnì, ó yẹ kí ó kùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì kó sì dákẹ́. Tèmi ń pariwo, bí mo bá sì ń lọ ó ń bá mi lọ. Láti ìgbà tí mo ti pààrọ̀ rẹ̀, mi kì í jẹ́ kí epo lọ sábẹ́ ìdajì táǹkì.

Ìyá Aláṣọ Igbógbó | Ọjọ́rú, 6:55 alẹ́

Mo lọ sọ́dọ̀ Fọkanáísà lónìí ní Ágríìkì, òun fúnra rẹ̀ ló dá mi lóhùn, Ọlọ́run á bù kún un. Ó ra ojú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Táyà ẹ̀yìn òsì kan ti ń ṣe bí eyín ayùn díẹ̀. Ó gbé ti iwájú sẹ́yìn, ti ẹ̀yìn síwájú. Mo wà á lọ sí Owútù, mo padà. Igbe náà ò kúrò níbi tó wà.

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, ẹ bèèrè omi. Ẹ kò purọ́. Ní bí oṣù kan àbọ̀ sẹ́yìn, òjò ọjọ́ kan bá mi ní Kétu. Kí n tó dé Majídùn, mo ti gba inú omi tó kan ìdajì táyà, ọkọ̀ ńláńlá wà lọ́tùn-ún lósì mi, mi ò ríbi yà. Ó pẹ́ kí n tó jáde níbẹ̀.

Ti kọ̀rọ̀ náà nìyí: nígbà tí mò ń bọ̀ láti Owútù, bí ọ̀nà bá tẹ̀ sí òsì, ohùn yẹn á ga, á bú. Bó bá tẹ̀ sí ọ̀tún, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Mo ní kí ọmọ mi náà tẹ́tí, kí n má bàa máa tan ara mi. Òun náà gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Mẹkáníìkì Odògúnyàn | Ọjọ́rú, 7:30 alẹ́

Mà, béárìn ni, ti táyà ọ̀tún ni màá sì kọ́kọ́ wò. Bí ọkọ̀ bá yà sí òsì, ìwúwo rẹ̀ máa ń wọ́ sí ọ̀tún, béárìn ọ̀tún ló máa ru ú. Èyí tí ara rẹ̀ ò yá ló ń ké nígbà tí ẹrù bá dé orí rẹ̀. Omi tí ẹ gbà kọjá yẹn ló ṣeé ṣe kó fà á. Béárìn ti gbóná látorí ìrìn, omi tútù dé bá a lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sún kì, ó sì fa omi gba ẹ̀gbẹ́ síìlì wọlé. Gírísì bàjẹ́, irin bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tú omi ìsédò Ọ̀yán sílẹ̀ tí odò Ògùn kún dé Ajégúnlẹ̀ àti Mile 12, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àwọn tó gba ibẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irú èyí wá.

Iwájú ni àbí ẹ̀yìn? Ẹni tó bá máa wò ó gbọ́dọ̀ gbé táyà sókè. Ilẹ̀ tó tẹ́jú, òkúta lẹ́yìn táyà yòókù, kí sítáǹdì sì wà lábẹ́ ọkọ̀, torí jáàkì lásán ti pa èèyàn rí. Kó di òkè táyà mú lọ́wọ́ kan, ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ kejì, kó mì í. Bó bá ń mì, kí ẹni kan tẹ bíréèkì nínú ọkọ̀. Bí mímì náà bá dúró, béárìn ni. Bó bá ṣì ń mì, bóòlù jọ́ìntì ni kó lọ wò. Bí kò bá mì rárá, ẹ má tíì dá a láre. Kó fi gíà sí N, kó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé sípíríǹgì ṣọ́kà, kó fi ọwọ́ kejì yí táyà. Béárìn tó dára, ọwọ́ yín ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń yí. Èyí tó ti bàjẹ́, ẹ ó gbọ́ ọ nínú egungun ọwọ́, bí ìgbà tí iyanrìn bá wà nínú ọlọ ata.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bó bá tú sórí eré, ẹsẹ̀ náà lè dì gbagidi, tàbí kí táyà bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí títì.

Awakọ̀ Ìkòròdú sí Kétu | Ọjọ́rú, 8:15 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan ní gáréèjì wa ní kí wọ́n kàn fi òòlù gbá a jáde, kí wọ́n sì fi òòlù gbá tuntun wọlé, pé ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé owó rẹ̀ kéré.

Mẹkáníìkì Odògúnyàn | Ọjọ́rú, 8:44 alẹ́

Àbúrò mi, ibẹ̀ ni béárìn tuntun ti ń kú. Béárìn iwájú Corolla yẹn, inú irin ìdí táyà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, ó sì fún púpọ̀. Òrùka méjì ló ní, ti òde àti ti inú, bóòlù irin wà láàrin wọn. Bí ẹ bá ń tì í wọ inú irin, òrùka òde ni kí agbára wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ń ti hóòbù, irin tí wọ́n ń de táyà mọ́, wọ inú béárìn, òrùka inú ni kí ẹ fi nǹkan tì lẹ́yìn. Ẹni tó bá gbá òrùka inú láti ti ti òde wọlé, gbogbo agbára òòlù yẹn gba orí bóòlù kọjá. Ojú lásán ò lè rí ojú òòlù lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bóòlù kọ̀ọ̀kan ti fi ihò kékeré síbi tó ń gbà kọjá. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó tún fi gbọ́ wìì.

Ẹ̀rọ pẹ́rẹ́ẹ̀sì ni kí wọ́n fi ṣe é. Bí mẹkáníìkì yín ò bá ní in, kó tú irin náà sílẹ̀, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní in, kó sì gbé e padà. Ti ẹ̀yìn Corolla yẹn rọrùn, hóòbù pọ̀ mọ́ béárìn ni, bóòtì mẹ́rin ló dè é mọ́ra.

Béárìn tí ẹ máa rà, ojúlówó ni o. Koyo, NSK, NTN, ti Japan ni gbogbo wọn. Ayédèrú wọn wà lọ́jà, pálí rẹ̀ dára ju ojúlówó lọ nígbà mìíràn. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n fín sára irin náà fúnra rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ́ kedere, kó tò gún, kó sì bá ti ara pálí mu. Bí ó bá jẹ́ yíǹkì lásán tí èékánná lè ha kúrò, ẹ dá a padà. Ẹ má ra tòkunbọ̀ béárìn, irú èyí tí wọ́n bá ti tẹ̀ jáde kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́.

Ìyá Aláṣọ Igbógbó | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:38 ìrọ̀lẹ́

Ó ti parí o.

Ẹlòmíì ni mo gbé e lọ bá, ẹni tí aládùúgbò mi kan mú mi lọ. Mo mú fóònù mi dání, mo ń ka ohun tí ẹ kọ síbí fún un, inú sì bí i díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, ọmọ ìyá, owó mi ni." Nígbà tó gbé táyà ọ̀tún iwájú sókè, ó mì í, kò mì. Ó wò mí bí ẹni pé ó ti borí. Mo ní kó gbé ọwọ́ lé sípíríǹgì. Ó yí táyà. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí èmi náà gbé ọwọ́ lé e. Ẹ̀gbọ́n, ọlọ ata gan-an ni! Ó ń rìn mí lọ́wọ́ dé ìgúnwọ́. A wá ṣe ti òsì, ti òsì kàn ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, bí ẹni pé nǹkan kan ò sí níbẹ̀.

Ó tú nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàrin, ó yọ bíréèkì, ó tú irin náà sílẹ̀. Ó gbé e lọ síbi tí pẹ́rẹ́ẹ̀sì wà, mo bá a lọ. Nígbà tí béárìn náà jáde, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Gírísì tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ti pọ́n bí omi ìpara osùn, ó ti ṣàn. Mo fi ìka nù ún, mo rí ibi tí bóòlù ti ń gbà kọjá: níhà kan ó ń dán bí dígí, níhà kejì ó ti bó, ó rí kátakàta bí ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí. Ibi tó bó yẹn kò gùn ju èékánná mi lọ. Nǹkan kékeré yẹn ló fẹ́ gba owó gíà lọ́wọ́ mi.

Nọ́ọ̀tì tuntun ló fi dè é, ó fi ṣísẹ́lì tẹ etí rẹ̀ wọlé kó má bàa tú. Ó ní kí n lọ ṣe àláímẹ́ǹtì torí ó tú bóòtì ṣọ́kà, màá ṣe é lọ́jọ́ Ajé. Owó béárìn àti iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin ohun tí ẹni àkọ́kọ́ bèèrè.

Mo gba ọ̀nà Ìtóìkín padà sílé. Mo sá a dé 50. Mo ń dúró de igbe yẹn, kò wá. Ọmọ mi tan rédíò, kò gbé ohùn rẹ̀ sókè, mo sì gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ.

Fọkanáísà Ágríìkì | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Ọpẹ́ o! Mọ́mì, ẹ rántí táyà tó ń ṣe bí eyín ayùn yẹn, iwájú òsì ló wà báyìí. Bí àláímẹ́ǹtì bá ti gún, kò ní jẹ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ máa fi ọwọ́ rà á lóṣooṣù. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tún nọ́ọ̀tì táyà yẹn dè lẹ́yìn bíi kìlómítà 100, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tú táyà ni mo máa ń sọ ọ́ fún èèyàn.

Ìyá Aláṣọ Igbógbó | Ọjọ́ Àìkú, 4:15 ọ̀sán

Bàbá Ìjẹ̀dẹ̀, ẹ̀yin ló kàn sà. Nígbà tí ariwo ńlá ti lọ, mo wá ń gbọ́ kékeré kan. Bí mo bá yí sítíárìn dópin láti wọ ọgbà, á ṣe fííìn, tí mo bá sì dá a padà á dákẹ́. Mo ṣí ọpọ́n páwà bí ẹ ṣe wí. Epo inú rẹ̀ dúdú, ìfófòó funfun sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó dà á sí i ní òun ò rántí irú èyí tó jẹ́.

Bàbá Honda Ìjẹ̀dẹ̀ | Ọjọ́ Àìkú, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta páǹpù fún yín o. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ epo yẹn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, ẹ fi abẹ́rẹ́ dókítà ńlá tí kò ní ẹnu fa epo inú ọpọ́n jáde, kí ẹ da Dexron III tuntun sí i dé ìlà, kí ẹ wà á fún ọjọ́ kan, kí ẹ tún fà á, kí ẹ tún da òmíràn. Ẹ ṣe é títí tí yóò fi pọ́n mọ́ ọ̀ọ́. Ti afẹ́fẹ́: kí wọ́n gbé iwájú ọkọ̀ sókè lórí sítáǹdì, kí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, kí ẹ yí sítíárìn láti òsì dé ọ̀tún bí ìgbà ogún, jẹ́jẹ́, kí ẹnì kan máa wo ọpọ́n kí epo má bàa tán nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Bí ìfófòó bá tún padà, ẹ wo àwọn hóòsì àti ibi tí páìpù ti wọnú páǹpù. Ẹ má sì di sítíárìn mú síbi tó dópin sí ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ, páǹpù ń jìyà níbẹ̀.

Ìyá Aláṣọ Igbógbó | Ọjọ́ Àìkú, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Mo ti gbọ́ sà. Ilé oògùn tó wà níwájú ilé wa ṣì ṣí, mò ń lọ ra abẹ́rẹ́ náà báyìí.